Àdéhùn Iwájú Adájọ́ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lásán

Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣe ọ̀rẹ́. Ohun tí ojú wọn rí ni ó mú wọn pa òwe náà, nítorí ẹni tí ó bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ kan okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà nínú òfin tí ó lè mú kí òwe yìí má ṣẹ. Ọ̀nà náà ni pé kí àwọn tí ń jà jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí ìjà wọn yóò ṣe parí, kí àwọn agbẹjọ́rò wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí tọ̀tún-tòsì fi ọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gbé e fún adájọ́ kí ó sọ ọ́ di àṣẹ kóòtù. Èyí ni àwọn amòfin ń pè ní àṣẹ ìfohùnṣọ̀kan. Adájọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Àwọn tí ó ni ìjà ni wọ́n fi ẹnu ara wọn dá ẹjọ́ ara wọn, tí adájọ́ sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ohun tí ó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ òwò, kò mọ bí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ti wúwo tó. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé àwọn ni àwọn fohùn ṣọ̀kan, kò sí ohun tí ó burú bí àwọn bá yí i padà nígbà tí ó bá wu àwọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ra àkókò ni: wọn a fọwọ́ sí i lónìí kí ẹjọ́ lè rọlẹ̀, wọn a sì máa wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá fún un láti ọ̀la. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń gbé ni lọ, nínú òfin ìlú àti níwájú Ọlọ́hun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e kalẹ̀. Kí a gbà pé ọkùnrin méjì da owó pọ̀, wọ́n ń ta pákó ní Ìsìkàn ní ìlú Akúrẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń kírun lẹ́yìn imaamu kan náà. Nígbà tí òwò gbòòrò, ìjà dé lórí owó, lórí ẹ̀rọ ìlagi àti lórí orúkọ tí wọ́n kọ sí ara ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dé Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó wà ní Akúrẹ́. Àwọn àgbà dá sí i, wọ́n sì fẹnu kò báyìí: ẹni àkọ́kọ́ ni yóò mú ẹ̀rọ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù, yóò sì san owó ẹnìkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹnìkejì yóò dá àwọn ìwé ìṣirò padà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ náà tajà mọ́. Adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì lọ sí ilé.

Kò tó oṣù mẹ́ta, ẹnìkejì la ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀nà kejì, ó kọ orúkọ àtijọ́ sí i lára, ó ní àbúrò òun ni ó ni ín, kì í ṣe òun. Inú bí ẹni àkọ́kọ́, ó ní òun kò san kọ́bọ̀ mọ́. Kálukú wọn ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òun ni òun jàre. Òfin kò gbà fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìfohùnṣọ̀kan wọn ti pa ẹjọ́ àtijọ́ rẹ́. Láti ọdún 1974 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti fi èyí lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Woluchem àti Wokoma, pé àdéhùn tí a fi parí ẹjọ́ jẹ́ àdéhùn tuntun, tí ó dá ẹ̀tọ́ tuntun sílẹ̀ dípò ohun tí olùpẹjọ́ ń bèèrè tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2001, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Vulcan Gases, ilé-ẹjọ́ kan náà tún ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè dúró: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò pátápátá lórí gbogbo ohun tí ó ṣe kókó, ọkàn wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ sí ìfipáṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò tún lè padà lọ hú ìjà àtijọ́ jáde láti inú sàréè.

Pípẹ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàápàá kò rọrùn. Òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 241, sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fohùn sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe máa sunkún pé ohun tí òun fi ẹnu ara òun bèèrè kò tẹ́ òun lọ́rùn? Àfi bí ó bá lè fi hàn pé jìbìtì wà níbẹ̀, tàbí àṣìṣe gidi, tàbí pé òun kò fohùn sí i rárá, kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà da irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ nù. Kí a tó dà á nù, àṣẹ ni, dandan sì ni kí a tẹ̀ lé e. Abala 287 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ yìí kan náà pa á láṣẹ pé kí gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn mú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ṣẹ ní ibi gbogbo ní orílẹ̀-èdè yìí.

Bí ẹnìkan bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí àṣẹ náà ní kí ó má ṣe, tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe ohun tí ó ní kí ó ṣe, ìtàpá sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè jẹ́ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í já lu ènìyàn bí ẹkùn. A óò kọ́kọ́ mú àṣẹ náà fún un. A óò tún mú ìwé kan fún un tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48, èyí tí ó ń kì í nílọ̀ pé bí kò bá pa àṣẹ náà mọ́, ẹ̀wọ̀n wà níwájú. Bí ó bá tún ṣe orí kunkun, Fọ́ọ̀mù 49 ni yóò tẹ̀ lé e, èyí tí ó ń pè é kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi ní jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lè gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn, ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì nínú gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni àṣẹ náà dè, àwọn olùdarí tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ rọ́ ọ tì kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́.

Nínú àpẹẹrẹ Ìsìkàn yìí, ẹni tí ó kọ orúkọ tí a kà léèwọ̀ fún un sára ṣọ́ọ̀bù ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Pípe orúkọ àbúrò rẹ̀ kò ní gbà á sílẹ̀ bí a bá fi hàn pé òun gan-an ni ó wà nídìí rẹ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́ tí kò san owó mọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Gbèsè tí ìdájọ́ fi lélẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí a ń fi ẹ̀sùn ìtàpá gbà. Òfin ní ọ̀nà mìíràn fún un: àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù lè kó ẹrù rẹ̀ tà, tàbí kí adájọ́ pàṣẹ fún báńkì kí ó san án nínú owó rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ni àwọn méjèèjì ṣì í ṣe. Wọ́n rò pé níwọ̀n bí ẹnìkejì ti tàpá, òun náà ní ẹ̀tọ́ láti tàpá. Àṣẹ adájọ́ kì í ṣe okùn tí ẹni méjì ń fà, tí ẹnìkan bá jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹnìkejì náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Kálukú ni àṣẹ náà dè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ adájọ́ tí ó lu òǹtẹ̀, kì í ṣe kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san.

Kò sì sí ẹni tí ó ga ju èyí lọ. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fi ipá lé Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Queen's Drive ní Ìkòyí, ilé tí ó wà ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú kóòtù nígbà tí wọ́n lé e. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé náà, ìjọba gba Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ, wọ́n ní kí ó dá àṣẹ náà dúró ná. Ní ọdún 1986, ilé-ẹjọ́ náà kọ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ náà tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfin mọ́lẹ̀ kò lè wá na ọwọ́ sí òfin kan náà kí ó ṣàánú òun. Ìgbà ìjọba ológun sì ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìbọn ń pàṣẹ ní ilẹ̀ yìí. Bí a kò bá fi ojú rere wo ìjọba tí ó ní ọlọ́pàá àti sójà, kí ni oníṣòwò kan ní Ìsìkàn fẹ́ fi gbójú lé?

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní òkè òkun. Ní ọdún 1994, ìjọba Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, fẹnu kò láti parí ẹjọ́ lórí bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń fi agbára rẹ̀ ni àwọn yòókù lára nínú òwò. Kóòtù fi òǹtẹ̀ lu ìfohùnṣọ̀kan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1995. Ohun kan tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni pé Microsoft kò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba Windows gbọ́dọ̀ gba ọjà mìíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tún wà níbẹ̀ tí ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ọjà tí a pa pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1997, ìjọba padà sí kóòtù, wọ́n ní Microsoft ti tàpá nítorí pé ó so Internet Explorer mọ́ Windows, wọ́n sì ní kí adájọ́ máa gba mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson kò gbà pé ìtàpá ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé gbólóhùn inú àdéhùn náà ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó ṣe òfin ìdádúró fún ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1998 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ da òfin náà nù. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣe kedere nínú àdéhùn ni ilé ìjà tuntun. Kóòtù kì í jẹ ènìyàn níyà lórí àṣẹ tí ó ṣòro láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àdéhùn gbèjà òun lọ́la gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ó yé ọmọdé lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ, tí ó sì gba èsì. Wọ́n ní kóòtù ìjọba kì í ṣe kóòtù Ṣẹ̀ríà, nítorí náà àṣẹ rẹ̀ kò de ẹ̀rí-ọkàn Mùsùlùmí. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé nínú àṣẹ ìfohùnṣọ̀kan, ohun tí ó de Mùsùlùmí lákọ̀ọ́kọ́ ni àdéhùn tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Súrátùl-Máídah bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn wọn ṣẹ, kò sì sọ níbẹ̀ pé kìkì èyí tí wọ́n bá ṣe pẹ̀lú ara wọn. Súrátùl-Isrá'i sì jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé a óò bi ènìyàn léèrè nípa àdéhùn rẹ̀.

Ìṣe Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọdún kẹfà Híjírà, ó bá àwọn abọ̀rìṣà Kùráéṣì ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá ní Hudaybiyyah. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ẹni tí ó bá sá láti Mẹ́kà wá bá a láìgba àyè, yóò dá a padà. Kí wọ́n tó parí ìwé náà, Abu Jandal, ọmọ Suhayl tí ó ń ṣojú Kùráéṣì, wọ́ ẹsẹ̀ dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń ké pe àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n gba òun. Ànọ́bì bẹ bàbá rẹ̀, bàbá kọ̀. Ó sì dá a padà, bí ó tilẹ̀ dun àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dé egungun. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ ogun Bádírì, Hudhayfah àti bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí fún Kùráéṣì pé àwọn kò ní jà. Ànọ́bì kò fi wọ́n kún ọmọ ogun, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ó ní kí wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ. Bí a bá pa àdéhùn mọ́ fún ọ̀tá tí ó gbé idà, kí ni àwáwí ẹni tí ó bá arákùnrin rẹ̀ ṣe àdéhùn lórí pákó?

Àwọn tí wọ́n da àdéhùn Hudaybiyyah ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Kùráéṣì kò jáde ní gbangba láti jà. Àwọn Banu Bakr, alájọṣe wọn, ni wọ́n kọlu Khuza'ah tí ó wà lábẹ́ ààbò àwọn Mùsùlùmí, Kùráéṣì sì fi ohun ìjà ràn wọ́n lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé bí orúkọ wọn kò bá sí níwájú, ọwọ́ wọn mọ́. Kò mọ́. Abu Sufyan sáré dé Mẹ̀dínà láti tún àdéhùn ṣe, kò rí i ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún kẹjọ Híjírà, Mẹ́kà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n Kùráéṣì yìí ni ọgbọ́n ẹni tí ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ la ṣọ́ọ̀bù. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o: láàrin Mẹ̀dínà àti Mẹ́kà, kò sí adájọ́ tí àwọn méjèèjì lè gbé ẹjọ́ lọ bá. Láàrin oníṣòwò méjì ní Akúrẹ́, adájọ́ wà, òun náà ni ó sì fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn wọn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè fi ìṣẹ́gun Mẹ́kà ṣe àwáwí láti gba òfin sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀sìn fi ààlà kan sí i. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìlàjà dára láàrin àwọn Mùsùlùmí, àyàfi èyí tí ó bá sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ tàbí tí ó sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Bí èlé orí owó bá wà nínú ohun tí a fẹ́ kí Mùsùlùmí fọwọ́ sí, kí ó tó fọwọ́ sí i ni kí ó sọ̀rọ̀. Kí ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń kọ ọ́, tí ó wá rántí ẹ̀sìn rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé, kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó ń gbèjà.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Kí ọ̀dọ́ má fọwọ́ sí ohun tí ó mọ̀ pé apá òun kò ká. Ìlérí oṣù mẹ́fà tí a mú ṣẹ sàn ju ti oṣù méjì tí a dà lọ. Kí àdéhùn sọ orúkọ, iye owó, ọjọ́ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Kí ẹni tí kò mọ ìwé kà rí i pé a ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí ní èdè Yorùbá kí ó tó tẹ ìka. Bí nǹkan bá yí padà, bí iná bá jó ọjà tàbí àìsàn bá dé, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀, kí wọ́n bá ẹnìkejì sọ ọ́, kí wọ́n sì gba kóòtù lọ kí a tún ọjọ́ dá. Ẹni tí ó bá sọ ìṣòro rẹ̀ kí gbèdéke tó pé kò rí bí ẹni tí a ní láti fi bélífù wá kiri. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan tàpá, ọ̀nà àbáyọ kò tíì dí: kí ó pa orúkọ tí ó kọ rẹ́, kí ó dá ohun tí ó yẹ padà, kí ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ adájọ́. Ohun tí kóòtù ń fẹ́ jù lọ ni kí a tẹ̀ lé àṣẹ rẹ̀.

Àwọn àgbà àti àwọn imaamu tí ń làjà náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ ti ènìyàn débi tí yóò fi gba ohun tí kò lè ṣe, nítorí àtirí i pé ìjà parí lójú wọn. Kí wọ́n má sì sọ fún ẹni tí a ṣẹ̀ pé kí ó gbàgbé àṣẹ kóòtù nítorí pé ìjọ kan náà ni wọ́n. Ìlàjà tí a fi bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rùn.

Òwe àwọn àgbà kò parọ́ nípa ohun tí kóòtù lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan níwájú adájọ́, tí kálukú wọn sì ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dá, lè ti kóòtù bọ̀ kí wọ́n sì tún jọ dúró ní sàfù kan náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí ó bá da àdéhùn náà kò kàn ba òwò ara rẹ̀ jẹ́, ó tún kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé kò sí ẹ̀tọ́ nínú ìlàjà, àti pé ìjà títí dé òpin ni ó dára jù. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí Mùsùlùmí jẹ́ olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.